Láti Ìjú dé Boundary: Ìtàn Òfin Ẹ̀rọ Omi àti Ilé Ìgbọ̀nsẹ̀ ní Àpápá àti Ajégúnlẹ̀

Ní oṣù kìíní ọdún 2024, gbèdéke kan kọjá tí ọ̀pọ̀ nínú wa kò fura sí. Ní ọjọ́ 23 oṣù kìíní ọdún 2019 ni ìròyìn jáde pé Ààrẹ Muhammadu Buhari ti buwọ́ lu òfin ìjọba àpapọ̀ tó ka fífi ìyà jẹ àwọn àkàndá ẹ̀dá léèwọ̀. Òfin náà fún gbogbo ilé tí ará ìlú ń wọ̀ ní ọdún 5 láti ṣe àtúnṣe, kí ẹni tó ń lo àga oníkẹ̀kẹ́ lè wọ ibẹ̀, kó sì lè lò ó bí ẹlòmíràn ṣe ń lò ó. Ọdún 5 náà ti pé. Báńkì wà nínú rẹ̀, ọ́fíìsì wà nínú rẹ̀, ilé ìtajà àti ilé oúnjẹ náà kò yọ sílẹ̀. Ilé tí èèyàn lè wọ̀ ṣùgbọ́n tí kò lè tọ̀ nínú rẹ̀, tí kò sì lè fọwọ́ níbẹ̀, a ò lè pè é ní ilé tó ṣeé lò.

Láti mọ ìdí tí àtúnṣe yìí fi nira ní Àpápá àti Ajégúnlẹ̀, a ní láti padà sẹ́yìn ju 2019 lọ. Ohun tí a fẹ́ sọ kò lọ́jú pọ̀: òfin lè yí padà láàárín ọjọ́ kan, ṣùgbọ́n páìpù kì í yí padà láàárín ọjọ́ kan. Ilé kọ̀ọ̀kan ló gbé òfin ayé tí wọ́n kọ́ ọ sínú ògiri rẹ̀. Ní àdúgbò méjì yìí, tí títì kan ṣoṣo pín níyà, òfin ayé ọjọ́un kì í tilẹ̀ ṣe ẹyọ kan.

Ta ni yóò sanwó omi?

Kí omi ẹ̀rọ tó dé Èkó, omi kànga àti omi òjò ni àwọn èèyàn ń lò. Nígbà tí Gómìnà Walter Egerton gbé ètò omi ẹ̀rọ kalẹ̀, tó sì ní kí àwọn ará ìlú máa san owó lé e lórí, Èkó gbóná. Àwọn ará ìlú ní àwọn ní kànga tiwọn, pé àwọn òyìnbó ló nílò omi ẹ̀rọ, kí àwọn tó nílò rẹ̀ sanwó rẹ̀. Ní 1908, Dókítà John Randle àti Dókítà Orísadípẹ̀ Ọbasá dá ẹgbẹ́ People's Union sílẹ̀ nítorí ọ̀rọ̀ yìí. Herbert Macaulay náà kò gbẹ́yìn nínú ìjà ọ̀hún.

Ìjọba kò yí ọkàn padà. Iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní Ìjú ní 1910, wọ́n sì ṣí ilé iṣẹ́ omi náà ní 1915. Gálọ́ọ̀nù mílíọ̀nù 2.42 ni agbára rẹ̀ lójúmọ́ nígbà náà. Nígbà tó di 1916 tí owó omi di dandan, ìfẹ̀hónúhàn tún bẹ́ sílẹ̀.

Ẹ kíyè sí i pé ìjà àkọ́kọ́ kò dá lórí bí omi ṣe mọ́ tó. Orí ẹni tí yóò sanwó ló dá lé. Ìbéèrè yẹn kò tíì kú títí di òní. Kò sí òfin omi tàbí òfin ìgbọ̀nsẹ̀ tó dé lẹ́yìn rẹ̀ tí kò bá ìbéèrè yìí pàdé lẹ́nu ọ̀nà.

Wolé-wolé, àrùn eku àti Àpápá tuntun

Àwọn òbí wa àgbà mọ wolé-wolé dáadáa. Òfin ètò ìlera ìlú ti 1917 fún àwọn òṣìṣẹ́ ìmọ́tótó lágbára láti wọ ilé onílé, kí wọ́n yọjú sínú kòkò omi bóyá ìdin ẹ̀fọn wà níbẹ̀, kí wọ́n wo gọ́tà, kí wọ́n sì wo ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ ilé ní Èkó ìgbà náà, korobá ni ìgbọ̀nsẹ̀. Agbépòó á wá lóru, á gba ẹ̀yìnkùlé wọlé, á sì gbé e lọ. Ohun tí òfin ń béèrè kò ju pé kí ibẹ̀ mọ́, kí àrùn má ti ibẹ̀ jáde.

Ní 1924 ni àrùn tí eku ń gbé káàkiri kọ lu Èkó. Ó pa ọ̀pọ̀ èèyàn, ìjọba sì rí i pé yíyọjú sínú kòkò omi nìkan kò lè tó. Ní 1928 wọ́n dá àjọ LEDB sílẹ̀, kó máa tún ìlú tò: kó wó ibi tó há, kó la ọ̀nà, kó pín ilẹ̀. Láàárín àkókò yìí kan náà ni Àpápá ń di ibi ńlá. Láàárín 1921 sí 1926 ni wọ́n kọ́ ibi ìgúnlẹ̀ mẹ́rin àkọ́kọ́ fún ọkọ̀ ojú omi ńlá níbẹ̀. Nígbà tó di àwọn ọdún 1950, LEDB ya ilẹ̀ Àpápá sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ti ilé gbígbé lọ́tọ̀, ti ilé iṣẹ́ lọ́tọ̀. Ní 1962 ni Flour Mills bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Àpápá. Ẹni tó bá kọ́ ilé sórí ilẹ̀ tí LEDB pín, pílánù ló fi kọ́ ọ. Ó ní ọ̀nà, ó ní gọ́tà, ó sì ń retí omi Ìjú.

Àmọ́ ohun kan wà tí kò sí nínú pílánù wọ̀nyẹn. Kò sí èyí tó béèrè bóyá ẹni tí kò lè gun àtẹ̀gùn yóò wá ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Àtẹ̀gùn mẹ́ta tàbí mẹ́rin lẹ́nu ọ̀nà kì í ṣe nǹkan bàbàrà lójú ẹni tó yàwòrán ilé. Ìlẹ̀kùn ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kò fẹ̀ ju èjìká èèyàn lọ. Ilé wọ̀nyí bá òfin ìgbà tiwọn mu, láìsí àbùkù kankan. Púpọ̀ nínú wọn ṣì wà ní ìdúró lónìí.

Ìdí tí wọ́n fi ń pe Boundary ní Boundary

Ní 1954, òfin ilẹ̀ wa yọ Èkó kúrò lára Ìwọ̀ Oòrùn, ó sì sọ ọ́ di ti ìjọba àpapọ̀. Àpápá bọ́ sínú Èkó. Ajégúnlẹ̀ kò bọ́ sí i. Abẹ́ ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn ni Ajégúnlẹ̀ wà, Ìbàdàn ni olú ìlú rẹ̀. Orúkọ Boundary tó wà níbẹ̀ títí di òní bá ìtàn yìí mu.

Ohun tí ààlà yìí túmọ̀ sí ni pé agbára LEDB kò kọjá títì yẹn. Àwọn tó ń já ẹrù ní èbúté àti àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ní fakitírì Àpápá nílò ibi tí wọ́n á máa sùn, owó oṣù wọn kò sì tó gba ilé ní Àpápá. Wọ́n ré kọjá sí Ajégúnlẹ̀: Yorùbá, Ìlàjẹ, Urhobo, Ìjọ́, Ìgbò, Haúsá. Àwọn onílé kọ́ ilé face-me-I-face-you fún wọn, yàrá ní apá ọ̀tún, yàrá ní apá òsì, bálùwẹ̀ kan àti ṣáláńgá kan lẹ́yìnkùlé fún gbogbo wọn. Kànga wà nítòsí. Àwọn kan ń ra omi lọ́wọ́ mẹ́ruwà.

Ọwọ́ kan náà tó ń já ẹrù ní Àpápá lọ́sàn-án ló ń fa omi kànga ní Ajégúnlẹ̀ lálẹ́. Ní ọjọ́ 27 oṣù karùn-ún ọdún 1967 wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀, àdúgbò méjèèjì sì di ọmọ ilé kan. Ààlà parẹ́ nínú ìwé. Ṣùgbọ́n páìpù kì í gbọ́ ìkéde rédíò. Ibi tó dúró sí lánàá náà ló ṣì wà lọ́jọ́ kejì, ohun tó sì ṣẹ́ kù fún Ajégúnlẹ̀ ni kí oníkálukú máa wá ọ̀nà ara rẹ̀.

Omi inú ilẹ̀ àti òfin orí ilẹ̀

Ìjú dàgbà títí agbára rẹ̀ fi dé gálọ́ọ̀nù mílíọ̀nù 45 lójúmọ́. Wọ́n ṣí Àdìyàn ní 1991 pẹ̀lú agbára mílíọ̀nù 70. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn èèyàn Èkó ń pọ̀ sí i, ó sì jẹ́ pé òkè ìlú lọ́hùn-ún ni Ìjú àti Àdìyàn wà, nígbà tí Àpápá àti Ajégúnlẹ̀ wà nísàlẹ̀ létí òkun. Kí omi tó dé ìdí páìpù, gbogbo àdúgbò tó wà lọ́nà ti fà á. Nítorí náà, ilé iṣẹ́, hòtẹ́ẹ̀lì àti ilé oúnjẹ gbẹ́ bọ̀hóòlù.

Bọ̀hóòlù létí òkun ní ìṣòro tirẹ̀. Tí a bá ń fa omi inú ilẹ̀ ní àfàjù, omi iyọ̀ máa ń yọ́ wọlé dípò rẹ̀, àwọn tó ṣe ìwádìí sí omi abẹ́ ilẹ̀ Àpápá sì ti rí iyọ̀ yìí. Omi iyọ̀ kì í ṣe ọ̀rẹ́ irin. Ó ń jẹ ẹnu ẹ̀rọ, ó ń jẹ ìdè páìpù, ó ń jẹ irin inú táǹkì ìgbọ̀nsẹ̀. Níbi tí irin ti pọ̀ nínú omi, àwo funfun á di aláwọ̀ ilẹ̀ pupa. Pọ́lọ́ńbà tó bá tún irú ibi bẹ́ẹ̀ ṣe ní ọdún yìí mọ̀ pé wọn yóò tún pe òun láìpẹ́.

Òfin tuntun wá dé sórí èyí. Ní 2007, àjọ SON gbé ìlànà omi mímu Nàìjíríà jáde, nọ́ńbà rẹ̀ ni NIS 554. Ó ní òjé inú omi kò gbọdọ̀ ju mílígíráàmù 0.01 nínú líta kan lọ, kòkòrò E. coli kò sì gbọdọ̀ sí rárá nínú mílílítà 100. Òfin ìpínlẹ̀ ti 2004 ti dá àjọ tí yóò máa ṣàkóso ọ̀rọ̀ omi sílẹ̀ ṣáájú èyí. Ní 2017, òfin àyíká tuntun ti Ìpínlẹ̀ Èkó fi kún un pé kí ẹni tó bá fẹ́ gbẹ́ bọ̀hóòlù gba ìwé àṣẹ. Àwọn ẹgbẹ́ ajìjàgbara pariwo. Wọ́n ní ìjọba tí kò fún èèyàn lómi kò yẹ kó fi ìyà jẹ ẹni tó wá omi fúnra rẹ̀. Ẹni tó bá rántí 1908 yóò mọ̀ pé ìjà àtijọ́ ló padà wá, aṣọ tuntun ló wọ̀.

Ẹ jẹ́ ká wo ìṣirò kékeré kan. Ìmọ̀ràn tó gbajúmọ̀ láàárín àwọn onímọ̀ omi ni pé kí mítà 30 wà láàárín bọ̀hóòlù àti sókàwéè. Púlọ́ọ̀tì kan ní Èkó jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 60 ní ìbú àti 120 ní gígùn, ìyẹn bíi mítà 18 sí 36. Tí bọ̀hóòlù bá wà ní igun iwájú, tí sókàwéè sì wà ní igun ẹ̀yìn, ó lè bọ́ sí i. Ṣùgbọ́n sókàwéè ará ilé kejì ńkọ́, tó jẹ́ pé ògiri kan ṣoṣo ló wà láàárín? Ní Ajégúnlẹ̀, níbi tí wọ́n ti la púlọ́ọ̀tì sí méjì, tí ilé sì fara kan ilé, kò sí bí onílé kan ṣe lè dá pa ìlànà yìí mọ́ láìjẹ́ pé gbogbo àdúgbò jọ ṣe é. Wọ́n kọ ìlànà náà fún ilẹ̀ tó fẹ̀.

Àwo tó gba èbúté wọlé

Nǹkan mìíràn wà tí a kì í sábà rò. Púpọ̀ nínú àwo ìgbọ̀nsẹ̀, síǹkì àti ẹnu ẹ̀rọ tí wọ́n ń tà ní ọjà Ọdúnadé ní Òrílé, ọkọ̀ ojú omi ló gbé e wá. Nípa báyìí, òfin ìlú ẹlòmíràn ń gba Àpápá wọlé láìsí pé aṣòfin wa kankan dìbò sí i.

Ní Amẹ́ríkà, òfin ọdún 1992 ní kí ìgbọ̀nsẹ̀ tuntun má lò ju gálọ́ọ̀nù 1.6 lọ, ìyẹn bíi líta 6, lẹ́ẹ̀kan tí a bá ṣàn án. Èyí tó wà ṣáájú rẹ̀ ń lo líta 13 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìlú Ọba náà fi ẹnu kò sí líta 6 nínú ìlànà 1999 wọn. Ní 2011, Amẹ́ríkà tún dín òjé inú idẹ ẹnu ẹ̀rọ omi mímu kù láti ìdá 8 nínú 100 sí ìdá 0.25, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó ní 2014. Wọ́n ṣe òfin wọ̀nyí fún ibi tí omi ti ń sáré nínú páìpù tọ̀sán-tòru.

Ìgbọ̀nsẹ̀ olómi líta 6 ń ṣiṣẹ́ nítorí pé omi inú táǹkì rẹ̀ máa ń já bọ́ lẹ́ẹ̀kan náà pẹ̀lú agbára. Tí omi kò bá dé táǹkì, korobá ni a óò fi da omi sí i, èèyàn sì lè da korobá kan tàbí méjì kó tó lọ. Omi tí òfin fẹ́ ká ṣọ́ lò ti bá ibòmíràn lọ. A kò sọ pé àwo náà burú. Ohun tí a ń sọ ni pé ẹni tó bá fẹ́ mú ilé ìtajà rẹ̀ bá òfin mu ní láti kọ́kọ́ béèrè bóyá omi wà, kó tó béèrè irú àwo tí yóò rà. Bákan náà ni ọ̀rọ̀ òjé: ẹnu ẹ̀rọ olówó pọ́ọ́kú tí kò ní àmì ìlànà kankan lára lè sọ omi tó mọ́ nínú bọ̀hóòlù di omi tí kò bá NIS 554 mu mọ́.

Òfin tó bẹ̀rẹ̀ láti ara èèyàn

Títí di ìgbà yìí, ilé ni gbogbo òfin tí a ti ń sọ ń wò. Wolé-wolé wo ilé, LEDB wo ilẹ̀, SON wo omi. Ìyípadà ńlá dé ní 2011, nígbà tí Gómìnà Babatúnde Fáṣọlá buwọ́ lu òfin àwọn àkàndá ẹ̀dá ní Ìpínlẹ̀ Èkó, tí wọ́n sì dá ọ́fíìsì LASODA sílẹ̀ láti mójú tó o. Òfin ìjọba àpapọ̀ tí a fi bẹ̀rẹ̀ tẹ̀lé e. Ìbéèrè òfin méjèèjì yàtọ̀. Wọn kò béèrè bóyá ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wà. Wọ́n béèrè ta ni ó lè lò ó.

Òfin àpapọ̀ náà ní eyín. Òṣìṣẹ́ tó bá fọwọ́ sí pílánù ilé tó ta ko ìlànà ìkọ́lé lè san ó kéré tán ₦1,000,000, tàbí kó ṣẹ̀wọ̀n ọdún 2, tàbí kó jẹ ìyà méjèèjì. Ilé iṣẹ́ tó bá ya àkàndá ẹ̀dá sọ́tọ̀ nítorí ipò ara rẹ̀ lè san ₦1,000,000.

Kí ni ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tó gba gbogbo èèyàn jọ? Ìwọ̀n tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń lò láti ìgbà òfin wọn ti 1990 ṣàlàyé rẹ̀ dáadáa. Kí ẹnu ọ̀nà fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 81. Kí àyè tí àga oníkẹ̀kẹ́ lè fi yípo nínú rẹ̀ tó mítà kan ààbọ̀. Kí ìjókòó àwo ga láàárín sẹ̀ǹtímítà 43 sí 48, kí èèyàn lè sún bọ́ sórí rẹ̀ láti orí àga. Kí irin ìdìmú wà lára ògiri. Kí abẹ́ síǹkì ṣófo kí orúnkún lè wọ ibẹ̀. Kí ẹnu ẹ̀rọ ṣeé ṣí láìfi gbogbo ìka yí i, bí irú èyí tí wọ́n ń fi ìgbọ̀nwọ́ ṣí ní ọsibítù. Ẹ wo èyí tó gbẹ̀yìn yẹn. Ìyá àgbà tí làkúrègbé ń dà láàmú nílò rẹ̀. Aláboyún nílò irin ìdìmú. Ẹni tó ṣẹ́ lẹ́sẹ̀ lórí ọ̀kadà nílò ẹnu ọ̀nà tó fẹ̀. Kò sí ẹni tí kò lè di ọ̀kan nínú wọn.

Ní Ajégúnlẹ̀ àti káàkiri Èkó, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tí èèyàn ń sanwó wọ̀ ni ọ̀pọ̀ ọlọ́jà àti awakọ̀ ń lò. Isaac Durojaiye, tí gbogbo ayé mọ̀ sí Ọ̀túnba Gaddafi, ló sọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ alágbèéká di òwò ńlá nílẹ̀ wa pẹ̀lú ilé iṣẹ́ rẹ̀, DMT. Ó fi han ìlú pé ohun tí àwọn èèyàn ń rẹ́rìn-ín sí lè gba ẹ̀mí là, kó sì tún mówó wọlé. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2019, ìjọba àpapọ̀ fi àṣẹ Ààrẹ nọ́ńbà 009 ta ko ìgbọ̀nsẹ̀ ìta gbangba. Ṣùgbọ́n àtẹ̀gùn máa ń wà lẹ́nu ilé ìgbọ̀nsẹ̀ alágbèéká, inú rẹ̀ sì máa ń há. Tí a bá ní kí ẹnikẹ́ni má yàgbẹ́ síta mọ́, tí ẹni tó ń lo àga oníkẹ̀kẹ́ kò sì rí ibi kankan wọ̀ láàárín ọjà, òfin kan ti sọ ọ́ di arúfin nítorí pé wọn kò tẹ̀ lé òfin kejì.

Kí ni ṣíṣe?

Ohun tí ìtàn kọ́ wa ni pé òfin kọ̀ọ̀kan máa ń gun orí òfin tó ṣáájú rẹ̀, kì í pa á rẹ́. Alábòójútó ilé kan ní Àpápá lónìí ní láti dá wolé-wolé 1917 lóhùn, kó dá NIS 554 lóhùn, kó dá òfin bọ̀hóòlù 2017 lóhùn, kó sì tún dá òfin àkàndá ẹ̀dá lóhùn, nínú ilé tí wọ́n yàwòrán rẹ̀ ní àwọn ọdún 1950. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, owó á pa á. Bẹ́ẹ̀ sì ni ẹni tó bá ní òun á dúró dìgbà tí owó bá pé kò ní ṣe nǹkan kan.

Èyí tó yẹ ká fi ṣáájú ni èyí tí owó rẹ̀ kéré tó sì ran èèyàn púpọ̀ lọ́wọ́. Àtúnṣe ni à ń ṣe lọ́jọ́ gbogbo bí iyọ̀ bá ti jẹ ẹnu ẹ̀rọ. Nígbà tí a bá ń pààrọ̀ rẹ̀, ẹ jẹ́ ká ra èyí tí ìgbọ̀nwọ́ lè ṣí. Nígbà tí ìlẹ̀kùn bá jẹrà, ẹ jẹ́ ká fẹ ojú ọ̀nà rẹ̀ kí a tó gbé tuntun sí i. Irin ìdìmú méjì kò wọ́n tó àwo kan. Àtẹ̀gùn mẹ́ta lè di ọ̀nà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tí a fi kọnkéré ṣe, bí àyè bá wà. Bí òjò òfin bá ń rọ̀ lójoojúmọ́, díẹ̀díẹ̀ ni ilé náà fi ń gbà á sára.

Ti Ajégúnlẹ̀ kọjá agbára onílé kan. Ìjọba tó bá fẹ́ béèrè ìlẹ̀kùn tó fẹ̀ àti omi tó bá NIS 554 mu lọ́wọ́ ẹni tó ni ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ọjà, òun ni kó kọ́kọ́ mú páìpù kọjá Boundary dé ọ̀dọ̀ ẹni náà. Èyí kì í ṣe àánú. Gbèsè ààlà 1954 ni, ọmọ Ajégúnlẹ̀ ló sì ti ń san èlé rẹ̀ láti ọjọ́ yìí.

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tí ẹ ti jáde, tí ẹ jẹ́ ayàwòrán ilé, ẹnjiníà, agbẹjọ́rò tàbí ọ̀gá ní ọ́fíìsì, iṣẹ́ kékeré kan la fẹ́ bẹ̀ yín sí. Ẹ mú téèpù lọ síbi iṣẹ́ lọ́la, kí ẹ wọn ẹnu ọ̀nà ilé ìgbọ̀nsẹ̀ yín. Tí kò bá tó sẹ̀ǹtímítà 81, ẹ sọ fún ẹni tó ń bójú tó ilé náà pé ọdún 5 ti pé.